Iná Tí Apondi Kò Dá

Àwọn kan máa ń fi òjúoró tọrọ àlékè.
Ẹ má ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ fún wa létí Nam Lolwe.
Ewé tó lékè omi níbí, àwa ló gùn lórí:
ó tẹ́ ara rẹ̀ sójú adágún bí ẹní òkú,
ọkọ̀ Odera há sínú rẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta,
ẹja inú ọkọ̀ ti rà kó tó gúnlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ń gé ẹran ara mbuta ránṣẹ́ sókè òkun.
Àwa la ni eegun, àwa la ni ìfun àti ìpẹ́,
àwa la ni òórùn,
àwa àti eṣinṣin àti ẹyẹ gàgàrà apárí
tí ń rìn lórí ààtàn bí agbowó-orí.

Apondi, ìyá ìyá mi, ń din eegun náà tà.
Àpò èédú kan kì í bá a dé ọjọ́ Ẹtì.
Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀;
obìnrin náà kì í sunkún,
èéfín ló ń bá a sun ún.

Ògbẹ́ni Ogweno, ajórin, ló gbẹ́ ikùn sílẹ̀ fún wa.
Ó ní, "Ẹ bọ́ ọ."
A bọ́ ọ: ewé odò tá a gé wẹ́wẹ́,
ìfun, omi ìfọja, ìgbẹ́ màlúù Nyangweso.
Ọjọ́ mọ́kànlá, kò sọ̀rọ̀.
Ní ọjọ́ kejìlá, ó gùnfẹ̀ gba inú páìpù wá,
iná sì là, aláwọ̀ òféfèé, láìléèéfín.
Ariwo ta. Mo rántí pé mo fò, bàtà mi já.

Ẹ̀wà kò tí ì rọ̀ tí gáàsì fi tán.

Àwọn aládùúgbò ní, "Ikùn ńlá, èémí kékeré."
Ogweno ti ń ṣírò ihò kejì, ó ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó.
Apondi ní kó jókòó.
Ó wo ìkòkò tó ṣí sílẹ̀, ó wo ooru tó ń gòkè lọ.
"Ta ni a ń se èyí fún?
Ṣé ẹ gbọ́ pé ebi ń pa òfuurufú ni?
Ìkòkò tí kò lọ́mọrí, ajere ni."

Ó lọ sórí ààtàn. Ó ṣa àwọ̀n tó ti ya,
àkísà, ìrọ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́.
Ó rọ̀ wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi súẹ́tà bàbá mi àgbà lé e,
èyí tó wọ̀ kẹ́yìn kí odò tó gbé e lọ.
Bí ẹ̀wà ṣe hó, tó hó díẹ̀ sí i, ó pa iná,
ó gbé ìkòkò tòun tọmọrí wọnú ìtẹ́ náà,
ó bò ó mọ́lẹ̀, ó lọ ra omena.

Èmi ni mo ṣọ́ ọ. Mo fi etí lé apẹ̀rẹ̀:
jẹ́ẹ́, bí adìyẹ tó sàba.
Nígbà tí òun yóò fi dé, ẹ̀wà ti rọ̀
láìsí iná kankan nílé.

Gáàsì tí kò tó ilé kan tẹ́lẹ̀,
ilé mẹ́ta ló ń pín in báyìí, wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀.
Ewé ṣì wà lójú omi.
A kò lè tètè bọ́ ikùn yẹn tó bí ó ṣe ń hù.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba
pẹ̀lú fọ́ọ̀mù: Ẹ máa ń mú iná mélòó jáde lóṣù?
Apondi ṣí apẹ̀rẹ̀ fún un.
Ó ní, "Èyí tí n kò dá ńkọ́? Kọ ìyẹn náà sílẹ̀."
Ọkùnrin náà yẹ ìwé rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn,
kò rí ìlà tí yóò kọ ọ́ sí.
Àmọ́ ó jẹ ẹ̀wà náà. Ó bu ẹ̀ẹ̀kejì.